Mítà pH Oníkálámù Lẹ́nu Iṣẹ́ Fàdákà àti Ṣúgà: Ibi Tó Ti Wúlò àti Ibi Tó Ti Kù Díẹ̀ Káàtó

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni mítà pH kékeré kan tó rí bíi kálámù, aláwọ̀ ìyeyè, tí mo rà ní ₦14,500 ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò yàrá ìwádìí nígboro Ìbàdàn. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní ìlú yìí, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko lo mítà náà lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ṣíṣe èérún fàdákà tín-tìn-tín láti inú silver nitrate pẹ̀lú glúkóòsì, nínú omi tí ìwọ̀n kíkan wọn, tí à ń pè ní pH, yàtọ̀ síra: 7 ni agbede méjì, iye tó bá rẹlẹ̀ sí i jẹ́ ti omi kíkan, èyí tó bá ga jù ú lọ jẹ́ ti omi álíkálì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fojú sí irú mítà yìí nítorí pé owó rẹ̀ kò ga, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun tí mo rí, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á lè mọ ohun tó ń sanwó fún.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Silver nitrate ni iyọ̀ fàdákà tí a máa ń tọ́jú sínú ìgò dúdú kí ìmọ́lẹ̀ má bàa bà á jẹ́, òun la sì fi ń wá kílóráìdì, irú èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, nígbà ìdánwò WAEC. Bí a bá pò ó mọ́ omi tó mọ́, kò ní ní àwọ̀ kankan. Bí a bá wá fi glúkóòsì sí i, tí a sì mú un gbóná, ṣúgà náà yóò fún fàdákà inú iyọ̀ ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, fàdákà yóò padà di mẹ́táàlì, yóò sì máa kó ara rẹ̀ jọ ní èérún kéékèèké tí fífẹ̀ wọn wà láàárín nánómítà 1 sí 100. Tí a bá pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan nínú rẹ̀ ni nánómítà kan. Fàdákà tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í dán bíi ti ẹ̀gbà ọrùn mọ́. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò tó wà ní nǹkan bí nánómítà 400 sí 420 ló máa ń gbé mì jù, ìdí nìyẹn tí omi náà fi máa ń pọ́n rúsúrúsú lójú wa. Bí èérún náà bá ti ń tóbi sí i, tàbí tí wọ́n bá ń lẹ̀ mọ́ra, àwọ̀ náà yóò máa ṣókùnkùn lọ títí yóò fi di eléèérú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pH ti wọ̀ ọ́ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú glúkóòsì tó wà nínú omi ló ká ara rẹ̀ bí òrùka, ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá ṣí sílẹ̀ nínú wọn ló sì ń rí iṣẹ́ ṣe. Omi álíkálì máa ń jẹ́ kí òrùka náà tètè ṣí, omi kíkan kì í ràn án lọ́wọ́. Nínú omi tó kan, nítorí náà, iṣẹ́ náà yóò falẹ̀, ìwọ̀nba èérún díẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, gbogbo fàdákà tó kù yóò sì máa lọ lẹ̀ mọ́ àwọn díẹ̀ náà títí wọn yóò fi tóbi. Nínú omi álíkálì, ẹgbàágbèje èérún ni yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ní pọ̀. Ó dà bí ẹni tó ní àwo ẹ̀wà lílọ̀ kan: bó bá fi ìgbakọ dá a sínú epo, àkàrà ńláńlá mélòó kan ni yóò rí, bó bá fi ṣíbí ìmutíì dá a, àkàrà kéékèèké yóò kún inú epo bámúbámú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà kan náà ni. Pàtàkì álíkálì kì í ṣe àjèjì sí wa nílẹ̀ Yorùbá. Omi eérú tí wọ́n sẹ́ ni àwọn ìyá aláró fi ń pò ẹ̀lú, nítorí inú omi tó bá le bẹ́ẹ̀ ni aró ti ń yọ́ tí ó sì ń ráyè wọ aṣọ, ahọ́n àti imú sì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó. Silver nitrate kì í ṣe ohun tí ahọ́n gbọ́dọ̀ kàn, ìdí nìyí tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò fi lè ṣe é láìní mítà.

Mo ra mítà náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo rí i pé orí gíláàsì róbótó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ táútáú, kò sí ẹ̀kán omi kankan nínú ìdérí náà. Mo tì í bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó kọ 7.0. Mo tì í bọ omi ọṣẹ, ó kọ 7.1. Bẹ́ẹ̀ omi ọsàn wẹ́wẹ́ kì í sábà kọjá 2 lé díẹ̀. Mo rẹ ẹ́ mọ́jú sínú omi potassium chloride bí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ṣe máa ń ṣe sí èyí tó bá gbẹ, kò yí padà. Nígbà tí mo gbé e padà lọ lọ́jọ́ Ajé, ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà sọ fún mi pé, “Ẹ má bínú, Mà, ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.” Mo yọ ọsàn wẹ́wẹ́ kan nínú báàgì mi, mo ní kó bá mi wá ọ̀bẹ, mo là á níwájú rẹ̀, mo sì ti mítà náà bọ̀ ọ́. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ń wò wá láti ìdí àga rẹ̀. Ó dìde, ó wo iye tó wà lójú mítà, ó ní, “Àǹtí, ẹ jókòó. Kò sí èyí tí ẹ máa gbé lọ níbí tí a ò ní kọ́kọ́ dán wò.” Ẹ̀kẹta tí wọ́n yọ nínú páálí ló kọ 2.4, òun ni mo sì gbé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kó ṣí ìdérí níṣọ́ọ̀bù, kó wò ó bóyá orí gíláàsì náà tutù, kó sì mú ohun kíkan kan dání.

Nínú páálí mítà náà, ìwé ọ̀rá lẹ́búlẹ́bú mẹ́ta ló wà láti fi tọ́ iye ojú rẹ̀ sọ́nà, omi tí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pò sì ní pH tí a ti mọ̀: 4.01, 6.86 àti 9.18. Omi distilled, ìyẹn omi tí a sè di èéfín tí a sì tún mú tutù kó lè mọ́ pátápátá, mìlílítà 250 la ó fi pò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi pure water inú ọ̀rá rọ́pò rẹ̀ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kán silver nitrate díẹ̀ sínú pure water, ẹ ó rí i bí ó ṣe máa funfun, nítorí kílóráìdì inú omi náà ti di silver chloride, omi bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ fún iṣẹ́ fàdákà rárá. Ohun mìíràn tí ìwé ìlànà rẹ̀ kò sọ ni ọ̀rọ̀ ooru. Iye tí wọ́n kọ sára ìwé ọ̀rá wọ̀nyẹn wà fún 25°C, bẹ́ẹ̀ yàrá kẹ́mísìrì tiwa kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán Ìbàdàn. Ní 30°C, èyí tí wọ́n pè ní 9.18 ti di 9.14, èyí tí wọ́n pè ní 6.86 sì ti di 6.85. Mítà náà ní òun ń ṣe àtúnṣe ooru fúnra òun, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò kọjá orí gíláàsì rẹ̀. Kò lè mọ̀ pé omi tí a tì í bọ̀ ti yí padà. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, kò sì ba iṣẹ́ wa jẹ́, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Báyìí la ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Gíráàmù 0.17 silver nitrate nínú lítà omi distilled kan ni mo lò, glúkóòsì tí kò ní àdàlù ni mo sì rà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Kì í ṣe gbogbo glúkóòsì inú agolo tí wọ́n ń tà fún ọmọdé ló dára fún un, nítorí àwọn kan nínú wọn ní fítámì C, fítámì C nìkan sì tó láti sọ iyọ̀ fàdákà di mẹ́táàlì, a ò wá ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ṣúgà onígun tí a fi ń mu tíì kò ṣiṣẹ́ kankan: omi rẹ̀ mọ́ títí a fi pa iná, nítorí pé orí tí glúkóòsì ìbá fi ṣiṣẹ́ ti so mọ́ fúrúkútóòsì nínú rẹ̀. Sítáàṣì díẹ̀ ni mo fi sí i kí èérún náà má baà máa lẹ̀ mọ́ra, mo fi kọ́sítíìkì sódà tí mo là púpọ̀ gbé pH rẹ̀ sókè, mo sì gbé àwọn bíkà náà sínú ìkòkò omi gbígbóná lórí gáàsì, ní nǹkan bí 60°C, nítorí iná mànàmáná kò ṣeé gbójú lé.

Ní pH 5, wákàtí kan kọjá, omi náà mọ́ bó ṣe mọ́ tẹ́lẹ̀. Ní 7, ó gbà á tó wákàtí kan kó tó ní àwọ̀ tó ṣeé rí, àwọ̀ náà kò sì mọ́ dáadáa. Ní 8, ó ti ń pọ́n bọ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní 9.5, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò tíì kọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tán tó fi pọ́n bí epo òróró tó ti dín nǹkan, ó sì mọ́ gaara tí a bá gbé e sí ojú fèrèsé. Mítà yìí ló jẹ́ kí n lè ya 8 sọ́tọ̀ kúrò lára 9. Bébà ìdánwò tí a máa ń rì bọ omi, tí a ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí, kò lè ṣe é, nítorí omi tó ti ń ní àwọ̀ tirẹ̀ máa ń ṣi ojú wò. Ní ti èyí, mo yin mítà náà láìṣẹ́ ohunkóhun kù.

Ó tún fi ohun kan hàn wá tí n kì bá tí fura sí. Bí ṣúgà ṣe ń sọ fàdákà di mẹ́táàlì, ó ń di ásíìdì, ìyẹn gluconic acid, ó sì ń tú ásíìdì sínú omi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Omi tí mo bẹ̀rẹ̀ ní 9 ti já wá sí 5 lé díẹ̀ lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, àwọ̀ rẹ̀ sì dúró sójú kan. Ẹni tó bá wọn pH lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní 9 ni òun ti ṣe é, kò sọ òtítọ́ tán. Láti ìgbà náà ni a ti ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí a sì ń kán kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀ kó má baà já.

Wíwọ̀n lemọ́lemọ́ yìí ló gbé àṣìṣe tó dùn mí jù wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń ti mítà náà bọ inú bíkà tààrà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kọ́kọ́ rí i, ó ní, “Mà, omi tèmi ń funfun o, kò pọ́n.” Mo wò ó, mo rí èéfín funfun kan tó ń rọra jáde láti ẹ̀gbẹ́ orí mítà náà, ó tín-ín-rín bí òwú, ó sì ń rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bíkà. Potassium chloride tó wà nínú mítà ló ń jò jáde, bó sì ṣe yẹ kó máa ṣe nìyẹn, torí láìsí jíjò díẹ̀ náà, mítà kò lè ka ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kílóráìdì yẹn ń pàdé fàdákà, ó sì ń di silver chloride, èyí tó ba omi inú bíkà jẹ́, tó sì tún dí ojú ihò kékeré tí mítà fi ń mí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ihò náà ti dúdú nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ silver chloride di dúdú, iye ojú mítà kò sì dúró sójú kan mọ́. Amóníà tí mo là ni mo fi fọ̀ ọ́ kó tó padà bọ̀ sípò, nítorí amóníà máa ń yọ́ silver chloride. Kì í ṣe mítà olówó pọ́ọ́kú yìí nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ńláńlá pẹ̀lú ń ṣe é. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń fi síríǹjì fa mìlílítà 5 sínú ìdérí ìgò kan, màá jẹ́ kó tutù díẹ̀, nítorí ìwé ìlànà mítà náà ní kò gbọ́dọ̀ wọ omi tó ju 50°C lọ, màá wọ̀n ọ́n níbẹ̀, màá sì da èyí tí mo wọ̀n nù. A fi omi distilled fọ orí mítà lẹ́ẹ̀mejì kó tó kan òmíràn.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó gan-an ni òkè òṣùwọ̀n pH. Iyọ̀ fàdákà kò fara da kọ́sítíìkì púpọ̀: ní ìwọ̀n iyọ̀ tí mo lò, bí pH bá ti kọjá nǹkan bí 9.3, ìdọ̀tí pupa ilẹ̀ tí í ṣe silver oxide lè máa jókòó sí ìsàlẹ̀. Ní 9.5, kíkán díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ríròpọ̀ gbà wá. Ní 11, ẹrẹ̀ la rí. Amóníà ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀, nítorí ó máa ń di fàdákà mú kó má baà di ẹrẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ ni èyí. Láti 1835 ni Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, ti ṣàkíyèsí bí aldehyde, ìyẹn irú èròjà tí glúkóòsì máa ń jẹ́ bí òrùka rẹ̀ bá ṣí, ṣe ń sọ fàdákà di dígí lára gíláàsì, orúkọ Bernhard Tollens tó jẹ́ ará Jámánì la sì fi ń pe omi fàdákà alámóníà náà títí dòní. Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Olomouc, lórílẹ̀-èdè Czech, lo ṣúgà mẹ́rin, ìyẹn glúkóòsì, galactose, maltose àti lactose, pẹ̀lú amóníà ní pH 11.5 sí 13.0, èérún tí wọ́n rí sì wà láàárín nánómítà 25 sí 450. Maltose ló fún wọn ní èyí tó jẹ́ 25, òun náà sì lágbára dáadáa lára bakitéríà. Nígbà tí èmi náà fẹ́ wọ ibẹ̀, mítà mi kò lè bá mi dé ibẹ̀. Mo fi ẹfun ìkọ́lé po omi títí tí kò fi lè yọ́ mọ́. Irú omi bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà ní nǹkan bí 12.3 ní 30°C, 11.8 ni mítà mi kọ. Ìdajì kan lórí òṣùwọ̀n pH kì í ṣe ohun kékeré: ó ju ìlọ́po mẹ́ta álíkálì lọ. Ìwé ọ̀rá tó ga jù nínú páálí kò kọjá 9.18, kò sì sí ohun tí a lè fi tọ́ ọ sọ́nà lókè ibẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n kọ “0 sí 14” gàdàgbà sára páálí náà, èyí kò sì tọ́.

Ẹni tó bá tún fẹ́ lo ọ̀nà amóníà, kó má ṣe tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, nítorí bí ó bá pẹ́, ó lè di ohun tó ń bú gbàmù. Kí ó fi ásíìdì díẹ̀ pa á, kó sì kó o dànù lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí yunifásítì pé kó bá mi fi mítà orí tábìlì tiwọn yẹ tèmi wò, kó sì gbé omi wa sínú ẹ̀rọ spectrophotometer, tó máa ń ya àwòrán bí omi ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan mì tó. Láàárín pH 5 sí 9.5, ìyàtọ̀ mítà méjèèjì kò ju 0.1 lọ. Ẹ̀rọ náà fi hàn pé èyí tí a ṣe ní 9.5 ga ṣóńṣó ní nǹkan bí nánómítà 410, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí a ṣe ní 7 fẹ̀ rẹ̀gẹ̀jẹ̀, ó sì ti sún lọ kọjá 430, tó túmọ̀ sí pé èérún rẹ̀ tóbi jù, wọn kò sì dọ́gba. Ohun tí ojú wa ti rí nílé-ìwé náà nìyẹn. Mo yọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn ọmọ yìí ló wọn ṣúgà, àwọn ló kán kọ́sítíìkì, àwọn náà ló sì ka iye ojú mítà.

Ní ti lílò ojoojúmọ́, bátìrì rẹ̀ kò tíì kú, ojú rẹ̀ hàn kedere àyàfi nínú oòrùn. Kò gbọ́dọ̀ gbẹ, a kò sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ sínú omi distilled. Omi potassium chloride 3 M ló yẹ kó wà nínú ìdérí rẹ̀, ìyẹn gíráàmù 22.4 nínú omi tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mìlílítà 100. Wọn kò fi í sínú páálí, àbùkù sì lèyí jẹ́.

Èrò mi ni pé ilé-ìwé girama tó bá fẹ́ fi fàdákà àti ṣúgà kọ́ ọmọ ní ohun tí pH ń ṣe, láti 4 títí dé 9.5, lè rà á láìbẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó fẹ́ lo amóníà lókè 11 kó má náwó rẹ̀ sí i. Kó wá èyí tí orí gíláàsì rẹ̀ wà fún álíkálì líle, tó sì ní ìwé ọ̀rá 12 lé. Mo padà lọ sọ gbogbo èyí fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ta potassium chloride náà ní ìgò kéékèèké pẹ̀lú mítà. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó lọ, ìgò mẹ́fà ti wà lórí káńtà, ọmọkùnrin yẹn sì ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán mítà wò fún oníbàárà kan.